Mo fẹ́ kun rímù ọkọ̀ akẹ́rù mi fúnra mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awakọ̀ Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọkọ̀ akẹ́rù tí mo ń wà yìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu, bọ́dì rẹ̀ náà ṣì dáa, àmọ́ rímù rẹ̀ ti di ohun ìtìjú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, ìpáàrà sì ti yọ létí ihò àti létí ibi tí táyà jókòó sí. Rímù onírin ni gbogbo wọn, oníbóòtù mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ̀yìn jẹ́ onítáyà méjì-méjì.

Mo ní jáàkì tó lágbára, mo ní gíráńdà kékeré, mo sì ní àyè lábẹ́ òrùlé. N ò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ṣé dandan ni kí n tú táyà kúrò lára rímù kí n tó kùn ún? Ṣé búrọ́ṣì ni kí n lò àbí ọ̀dà alágolo tí wọ́n ń fín? Ṣé mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, àbí kí n kàn họ ìpáàrà kí n sì kùn lé e lórí? Ẹnì kan tún ní kí n fi iná gáàsì jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ ṣé o.

Bàbá Táyà

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, ìyókù lè dúró. Ẹ má gbé iná sún mọ́ rímù tí táyà ṣì wà lára rẹ̀. Bí irin bá gbóná, rọ́bà inú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn lè gbiná nínú táyà níbi tí ojú ò ti rí i, agbára rẹ̀ á sì ju ohun tí táyà lè gbà lọ. Ó lè bẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná, tí ẹ ti jókòó tí ẹ ń mu omi. Ẹ má sì ní “mo ti jo afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù.” Èyí tí a ti jò náà ń bẹ́.

Ní ti títú táyà, tú u. Ibi tí ìpáàrà ti ń jẹ rímù jù ni ibi tí etí táyà jókòó sí, ẹ ò sì lè débẹ̀ bí táyà bá wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí fọkanáísà tó ní irinṣẹ́ bá yín tú u. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú rímù rẹ̀ lè tó 100 kg, kì í ṣe ohun tí èèyàn kan ń bá jà nínú àgbàlá.

Ẹ wo rímù náà dáadáa pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ oríṣi àtijọ́ tó ní rìngì irin tó ń di etí táyà mú, ẹ yọ ojú fáàfù kí afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Bí táyà méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, méjèèjì lẹ máa jò. Rìngì yẹn ti pa àwọn tó mọ iṣẹ́.

Búrọ́ṣì Lọ́wọ́

Bàbá, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ iná, ṣùgbọ́n pé dandan ni kí wọ́n tú táyà, mi ò gbà. Bí táyà bá ṣì dáa tí rímù ò sì máa jo afẹ́fẹ́, kí ló dé tí èèyàn á fi lọ dá ara rẹ̀ lóró? Ẹ jo afẹ́fẹ́ títí táyà á fi rọ̀, ẹ wá máa ki káàdì pélébé sí àárín táyà àti etí rímù, ọ̀kan lé èkejì díẹ̀díẹ̀ yípo. Ọ̀dà ò ní kan táyà. Àwọn kan máa ń fi fáàsìlínì pa ara táyà, bí ọ̀dà bá ta sí i wọn á kàn nù ún.

Ọ̀dà olóròóró tí wọ́n ṣe fún irin ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi búrọ́ṣì onírun múlọ́múlọ́ kùn ún. Ó máa ń tẹ́ra rẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ń gbẹ, ojú búrọ́ṣì ò ní hàn. Ẹ kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí èkíní gbẹ dáadáa kí ẹ tó kun èkejì. Òmíràn wà tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé ó lè lọ sórí ìpáàrà tó bá ti dì mọ́ irin gbagidi, èyí tí kò ṣí mọ́. Ìyẹn ò nílò ọ̀dà ìpìlẹ̀.

Ọ̀dà Tó Yọ̀

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń jẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Búrọ́ṣì ò burú, ẹni tó bá sọ pé ó burú ò mọ irin. Ó máa ń ti ọ̀dà wọ inú àwọn kòtò kéékèèké tí ìpáàrà jẹ, èyí tí fínfín ò lè ṣe. Ẹ̀gbọ́n Búrọ́ṣì tọ̀nà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé fáàsìlínì. Ọwọ́ tí ẹ fi pa á lára táyà lẹ máa fi kan rímù, ibi tó bá kàn, ọ̀dà ò ní dì mọ́ ọn láéláé. Ní ti káàdì, ó ń ṣiṣẹ́.

Bí rímù bá máa bó lẹ́ẹ̀kan sí i, ìmúrasílẹ̀ ló máa fà á. Báyìí ni kó tẹ̀ léra:

Ọṣẹ àti omi ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí sáńpépà tó dé. Bí ẹ bá fi sáńpépà ha gírísì, inú irin lẹ ń fi gírísì sí. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi tínà tàbí omi tí wọ́n fi ń gé gírísì nù ún, pẹ̀lú àkísà méjì: ọ̀kan ní í tutù, èkejì á nu òróró náà kúrò kí tínà tó fẹ́ lọ. Bí ẹ bá dúró kó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, òróró tó tú á tún jókòó padà. Ẹ má lo pẹtiróòlù, torí iná. Kẹrosínì náà kọ́, epo fẹ́lẹ́ ló máa fi sílẹ̀ lára irin.

Ẹ wá fi wáyà búrọ́ṣì sí gíráńdà kí ẹ họ ọ́. Ẹ fi awò bo ojú, àwọn wáyà yẹn máa ń já, wọ́n sì máa ń fò bí abẹ́rẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wáyà kì í fi gbogbo ìgbà mú ìpáàrà kúrò. Ó máa ń dán an ni. Ẹ ó rí i tó ń kọ mànà, ẹ ó rò pé irin ni, ìpáàrà tó ti dán ni. Nítorí náà ẹ tún fi sáńpépà nọ́ńbà 80 lé e títí àwọ̀ irin gan-an á fi jáde. Nọ́ńbà 180 ló kàn. Níbi tí ọ̀dà àtijọ́ ti dì mú tí kò bó, ẹ lo nọ́ńbà 320 kí etí rẹ̀ lè fẹ̀lẹ́, kí ọwọ́ má mọ ibi tí ọ̀dà parí sí àti ibi tí irin bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ti pẹ́ láyé gan-an, ẹ fi omi ha ọ̀dà rẹ̀, ẹ má ha á ní gbígbẹ, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọdé tó ń ṣeré láyìíká.

Ìpáàrà tó bá wà nínú kòtò tí sáńpépà ò dé, ẹ fi oògùn ìpáàrà tó ní ásídì fọ́sífọ́ríìkì pa á. Á dúdú. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí agolo rẹ̀ bá sọ nípa fífọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ oníásídì lé e lórí, méjèèjì kì í bá ara wọn gbé.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi sí i, lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ha á. Irin tó wà níhòòhò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún láàárín wákàtí díẹ̀ bí ọ̀rinrin bá pọ̀. Ọ̀dà Ẹ̀gbọ́n Búrọ́ṣì tó ń lọ sórí ìpáàrà wà lóòótọ́, àmọ́ mélòó nínú wa ló máa ń ha ìpáàrà dé ibi tí agolo ní kí á ha á dé?

Bí ẹ bá yàn láti fi agolo fín in, ẹ gbọn agolo fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Ẹ dúró ní 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí rímù. Ìta rímù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín, ìta lódì kejì ni kí ẹ ti dáwọ́ dúró, kí ó má baà kó jọ sójú kan kó máa ṣàn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìṣẹ́jú 10 sí 15 máa wà láàárín wọn. Etí àwọn ihò ńlá tó yí ara rímù ká ni kí ẹ kọ́kọ́ fín, torí ọ̀dà máa ń sá fún etí tó bá mú, ibẹ̀ ni ìpáàrà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà pa etí mímú yẹn kó kúnú díẹ̀ kí ẹ tó kùn ún.

Ẹ má kùn ún ní ìdájí tí ìrì ṣì wà lára irin. Ẹ sì má da ọ̀dà sẹ́lúlóòsì (ọ̀dà onítínà tó ń yára gbẹ) lé ọ̀dà olóròóró. Á wú, á sì ká jọ.

Atọ́kọ̀ṣe

Gbogbo yín ń sọ bí ọ̀dà ṣe máa dì mọ́ irin. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ibi tí ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ dé, ohun tó lè pa èèyàn nìyẹn.

Ohun tó di rímù mú mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tó ń yí lẹ́nu áàsìlì tí a ń de rímù mọ́, kì í ṣe pé bóòtù gba inú ihò kọjá. Fífún tí nọ́ọ̀tì fún irin mọ́ irin ni. Bí ọ̀dà tó nípọn bá wà láàárín, nọ́ọ̀tì á fún lọ́jọ́ tí ẹ fún un, ọkàn yín á sì balẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀ tí ibẹ̀ gbóná, ọ̀dà yẹn á rọ̀, á sì fọ́ kúrò. Àyè á ṣí sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju nínípọn bébà lọ. Nọ́ọ̀tì ò tíì yí rárá, ṣùgbọ́n agbára tó fi di rímù mú ti lọ. Rímù á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí họ́ọ̀bù, bóòtù á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ẹ máa mọ̀ ni ìgbà tí táyà bá ṣáájú yín lójú títì.

Ibi mẹ́rin ni mo ń sọ: ojú rímù tó kọjú sí họ́ọ̀bù, ojú tí rímù méjèèjì ẹ̀yìn ti ń kan ara wọn, àyíká ihò bóòtù níbi tí nọ́ọ̀tì ń tẹ̀, àti etí ihò ńlá àárín. Ẹ fi téèpù oníbébà bo gbogbo wọn kí ẹ tó fín ohunkóhun. Ọ̀dà àtijọ́ tó bá ti pọ̀ níbẹ̀, ẹ ha á kúrò. Ẹ nu ojú họ́ọ̀bù náà títí ìpáàrà rẹ̀ á fi tán.

Ọ̀rọ̀ jáàkì: jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún gbígbé e dúró. Ẹ fi òpó irin tó lè ru ẹrù yẹn sábẹ́ áàsìlì, kí ẹ sì fi ìdènà sí iwájú àti ẹ̀yìn àwọn táyà tó kù nílẹ̀. Ilẹ̀ tó le ni o, kì í ṣe ilẹ̀ iyanrìn.

Búrọ́ṣì Lọ́wọ́

Atọ́kọ̀ṣe, ẹ̀ ń dẹ́rù bà wọ́n. Ṣé rímù tuntun tó ti ilé iṣẹ́ jáde, kò ní ọ̀dà lójú ni? Gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n kùn.

Atọ́kọ̀ṣe

Wọ́n kùn ún, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ fẹ́lẹ́ ni, wọ́n sì ń wọn bó ṣe nípọn tó. Ìlànà àwọn tó ń ṣe rímù sábà máa ń sọ pé ọ̀dà ojú ìpàdé yẹn ò gbọ́dọ̀ tó 0.1 mm. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ọ̀dà ilé iṣẹ́, ọ̀dà ẹni tó kọ́kọ́ ní ọkọ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ wa, tiwa lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú búrọ́ṣì. Tí rímù méjì bá wá dojú kọ ara wọn lẹ́yìn, ìlọ́po méjì ni. Kò sí ẹni tó ní irinṣẹ́ tí yóò fi wọ̀n ọ́n nílé. Bo ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá Olówó Ẹrù

Àbúrò, èmi kì í kun ọkọ̀, àwọn ọkọ̀ tí mo ní ni mo ń bójú tó, mo sì ní ohun kan láti fi kún un. Kí o tó kun rímù kankan, yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá wà níhòòhò, torí ọ̀dà tuntun máa ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ibi tó wà láàárín àwọn ihò ńlá tó yí rímù ká àti àwọn ihò bóòtù, ibẹ̀ ni irin ti máa ń la. Wo bóyá ihò bóòtù kan ti di gbọọrọ dípò roboto. Tí o bá sì rí ìlà ìpáàrà tó ṣàn láti abẹ́ nọ́ọ̀tì lọ sí etí rímù, nọ́ọ̀tì yẹn ti ń tú fún ọ tẹ́lẹ̀, wá ìdí rẹ̀ kí o tó nù ún kúrò.

Má sì fi ọ̀dà dí àwọn nọ́ńbà tí wọ́n lù sára rímù. Ibẹ̀ la ti ń mọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ẹrù tó lè gbé. Nítorí èyí náà ni mo ṣe máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ha rímù àlòkù tó bá ń dán jù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Àwọn kan ń kùn ún láti tà á ni, kì í ṣe láti tọ́jú rẹ̀.

Wẹ́dà Pẹ̀lẹ́

Ìyá, tó bá jẹ́ pé ó la díẹ̀, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè lẹ̀ ẹ́ o, kó tó kùn ún. A máa ń ṣe é.

Bàbá Táyà

Ẹ máa ń ṣe é, mo mọ̀, mo sì máa ń rí i nígbà tó bá tún la lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ lẹ̀. Òfin ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fòfin de é pátápátá lórí rímù ọkọ̀ ńlá: èyí tó bá la, tó tẹ̀ tàbí tó bàjẹ́, kò sí lílẹ̀, kò sí fífi iná tún un ṣe. Ẹ gbé e jù sí ibi àwọn onírin àjákù, ẹ sì gé e kí ẹlòmíràn má baà tún gbé e wọkọ̀.

Wẹ́dà Pẹ̀lẹ́

Ó dáa, mo gbọ́. Nǹkan mìíràn: bí wọ́n bá ti tú táyà kúrò, ó lè gbé rímù lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn lù ú. Á mọ́ ju ohun tí gíráńdà lè ṣe lọ. Wọ́n tún ní ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń sè nínú ààrò ní nǹkan bí 200°C. Ó le ju ọ̀dà ilé lọ fíìfíì.

Atọ́kọ̀ṣe

Ó le lóòótọ́, ó sì nípọn. Bí ó bá lọ ṣe oníyẹ̀fun, kó sọ fún wọn kí wọ́n bo ibi mẹ́rin yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bò ó.

Awakọ̀ Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Màá tú táyà, màá sì jẹ́ kí Fọkanáísà ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Àwọn kan ní ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà (èròjà tó ń mú ọ̀dà le) mọ́ ló ń pẹ́ jù, ṣé kí n lò ó? Ṣé ọ̀dà tí kì í bẹ̀rù ooru ni kí n rà nítorí bíréèkì? Mo sì ní rímù alumíníọ̀mù kan tó jẹ́ sípéà, ṣé kí n kun òun náà kí wọ́n lè jọra?

Ọ̀dà Tó Yọ̀

Hádínà: ó ń pẹ́, pẹtiróòlù kì í ràn án, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá fín in tí ẹ sì ń fà á símú, ó lè fún yín ní ikọ́ fée (asthma) tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú tí wọ́n fi ń dá eruku dúró ò lè dá a dúró. Àwa tí a ń fín in lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ tó mọ́ tó ń gba ọ̀pá wọlé láti ibòmíràn la fi ń mí. Nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aládùúgbò, ẹ má ṣe é.

Ọ̀dà ooru: ẹ má fi owó yín ṣòfò. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ gbóná gan-an kó tó le, rímù kì í sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà rírọ̀ ló máa wà, òkúta á máa ha á. Bí rímù yín bá gbóná débi tí ọ̀dà lásán ń jó lára rẹ̀, bíréèkì tó ń fà ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Alumíníọ̀mù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dán an. Ẹ má sì fi wáyà búrọ́ṣì tí ẹ lò fún irin kàn án, ègé irin á há sínú rẹ̀, á máa dógùn-ún níbẹ̀. Bí ẹ bá ti pinnu láti kùn ún dandan, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù ni o, ọ̀dà lásán á bó.

Ohun kan tí mo gbàgbé: àkísà tí ẹ bá fi nu ọ̀dà olóròóró, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi.

Bàbá Táyà

Ibi tí etí táyà jókòó sí, ẹ kùn ún, ṣùgbọ́n kó fẹ́lẹ́, kó sì dán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú kí a tó fi táyà padà. Gbígbẹ tí ọwọ́ ò lẹ̀ mọ́ kọ́ ni mò ń sọ. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, bí ojú èékánná bá hàn, kò tíì gbẹ. Ọ̀dà tútù á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, táyà á máa jo afẹ́fẹ́, a ó sì máa wá ihò tí kò sí. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan bí àyè bá wà. Ẹ pààrọ̀ fáàfù níwọ̀n ìgbà tí táyà ti wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá ń fún un ní afẹ́fẹ́, kó wà nínú àgò irin, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀.

Ìyá Olówó Ẹrù

Àwọ̀ wo lo fẹ́ lò? Funfun tàbí fàdákà ni tèmi. Bí òróró bá jò láti họ́ọ̀bù, tàbí tí ìpáàrà bá ṣàn láti abẹ́ nọ́ọ̀tì, dírẹ́bà á rí i láti òkèèrè. Dúdú máa ń bo gbogbo rẹ̀.

Búrọ́ṣì Lọ́wọ́

Dúdú ni tèmi o. Eruku bíréèkì kì í hàn lára rẹ̀, ẹni tó ń fọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á mọyì ìyẹn.

Awakọ̀ Àfẹ̀mọ́júmọ́

Màá gba ti Ìyá, fàdákà ni. Nọ́ọ̀tì ńkọ́? Ṣé kí n kun àwọn náà?

Atọ́kọ̀ṣe

Má kun nọ́ọ̀tì, má sì jẹ́ kí ọ̀dà kan ojú ìyípo bóòtù. Fún un bí ìràwọ̀, èyí tó kọjú síra wọn, má ṣe yí i po. Sípánà tó ń ka agbára ni kí o fi parí rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ rẹ ló máa sọ iye rẹ̀, àmọ́ oníbóòtù mẹ́wàá M22 (bóòtù tó nípọn ní 22 mm) sábà máa ń wà láàárín 600 sí 700 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì. Ìwé yẹn náà ló máa sọ bóyá wàá kán epo sí i tàbí wàá fún un ní gbígbẹ, wọn ò jọra. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá rìn tó 80 sí 160 kìlómítà, tún gbogbo rẹ̀ fún.

Ìgbà náà ni kí o wá fi ọ̀dà pupa fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara rímù. Bí ìlà náà bá ti yà, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn, wàá rí i láìtẹ̀ba.